Kí ẹ tó ra jíà ẹ̀yìn fún píkọ́ọ̀pù yín: bí ẹ ṣe lè mọ reṣíò rẹ̀ láìtú ọkọ̀ palẹ̀

Ojoojúmọ́ ni àwọn píkọ́ọ̀pù ń kó ẹrù gba Ìkòtún, Ìgándò àti Ẹ̀gbẹ́dá kọjá. Àwọn kan ń gbé ata àti tòmátò bọ̀ láti ọjà Mile 12, àwọn mìíràn ń ru sìmẹ́ńtì, pákó àti irin lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé èèyàn 1,277,714 ló ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní ìpínlẹ̀ Èkó tí iye èèyàn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ètò náà. Ibi tí èèyàn bá pọ̀ sí báyìí, ọkọ̀ ẹrù kò lè ṣàìwúlò níbẹ̀.

Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn píkọ́ọ̀pù wọ̀nyí. Bí jíà ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn bá fọ́, ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, tàbí ti Trade Fair lójú ọ̀nà Badagry, ni onímọ́tò máa ń forí lé láti lọ ra òmíràn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Jíà ẹ̀yìn méjì lè jọra bí ìbejì, kí ihò bóòtù wọn bára mu, síbẹ̀ kí iye eyín tó wà nínú wọn yàtọ̀ síra. Ìyàtọ̀ yìí ni àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní reṣíò. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kó tó sanwó lè fi owó ara rẹ̀ ra ìyà.

Kí ni reṣíò?

Jíà méjì ló wà nínú ikùn irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Ọ̀kan kéré, pinion ni wọ́n ń pè é, òun ni pùròpélà máa ń yí. Èkejì tóbi, ó rí roboto, crown wheel ni orúkọ rẹ̀, òun ló sì ń yí táyà. Ẹ ka eyín jíà ńlá, kí ẹ fi iye eyín jíà kékeré pín in, ohun tí ẹ bá rí ni reṣíò. Bí ńlá bá ní eyín 41, tí kékeré ní 10, reṣíò rẹ̀ ni 4.10. Ìtumọ̀ èyí ni pé pùròpélà yóò yí lẹ́ẹ̀mẹrin àti díẹ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ 41 àti 11, ó di 3.73, bí ó bá jẹ́ 43 àti 10, ó di 4.30. Nínú Toyota Hilux nìkan, ilé iṣẹ́ náà ti lo 3.91, 4.10, 4.30 àti 4.56 láàárín ọdún sí ọdún, gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnnì àti iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ ṣe.

Ẹni tó ru ẹrù gun òkè kì í gbé ẹsẹ̀ gígùn. Bẹ́ẹ̀ ni reṣíò tí òǹkà rẹ̀ tóbi ṣe rí: ó ń fún ọkọ̀ lágbára láti gbéra pẹ̀lú ẹrù, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì yóò máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ lójú ọ̀nà tó já geere. Èyí tí òǹkà rẹ̀ kéré ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi lórí eré, ṣùgbọ́n ìnira ni fún kílọ́ọ̀ṣì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkòtún.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní táyà kan ń lọ ní mítà 2.1 bó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan, táyà yóò yí tó ìgbà 635 ní ìṣẹ́jú kan. Ní jíà tí ẹ́ńjìnnì àti pùròpélà ti ń yí dọ́gba, reṣíò 3.73 yóò mú kí ẹ́ńjìnnì yí tó ìgbà 2,370, ti 4.56 yóò sì tó 2,900. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò, irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí awakọ̀ lè fojú kéré.

Ti ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fa ara rẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Reṣíò iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bára mu. Bí wọn kò bá bára mu, iwájú àti ẹ̀yìn yóò máa bára wọn jà nígbàkígbà tí wọ́n bá fi í sí ẹsẹ̀ mẹ́rin lórí ilẹ̀ líle, jíà yóò sì fọ́ níkẹyìn.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n

Ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ wò ni àkọlé ara ọkọ̀. Lára Toyota, ẹ wá pátákó tàbí sítíkà tí wọ́n kọ “TRANS/AXLE” tàbí “A/TM” sí, nínú ilé ẹ́ńjìnnì tàbí létí ilẹ̀kùn awakọ̀. Lára Ford, ẹ wo abẹ́ “AXLE” lára sítíkà ilẹ̀kùn. Àmì ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, ẹni tó mọ ọkọ̀ náà dáadáa ni yóò túmọ̀ rẹ̀. Nínú Chevrolet tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1990 àti 2000, sítíkà máa ń wà nínú àpótí ọwọ́ iwájú: GU6 dúró fún 3.42, GT4 fún 3.73, GT5 fún 4.10. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe ni àkọlé ń sọ. Bí ẹnì kan bá ti pààrọ̀ jíà náà rí, àkọlé kò mọ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti ṣọ́ọ̀kì àti jáàkì, èyí tí kì í purọ́. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára pùròpélà kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sókè. Ẹ fi igi tàbí òkúta ńlá há táyà iwájú méjèèjì àti táyà ẹ̀yìn kan, níwájú àti lẹ́yìn wọn. Ẹ wá fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kejì nìkan, kí ẹ sì ki irin ìdúró sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe lo búlọ́ọ̀kù, nítorí ó lè fọ́ lójijì. Ẹ yọ jíà sí fìrí, kí ẹ sì tú búréèkì ọwọ́. Láti ìgbà yìí lọ, òkúta àti igi nìkan ló di ọkọ̀ mú, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀.

Ẹ sàmì sára táyà tó wà lókè, kí ẹ yí i ní ìgbà 20 géérégé. Kí ẹnì kejì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kí ó máa ka iye ìgbà tí àmì ara pùròpélà yí ká. Ẹ fi 10 pín iye náà. Bí ó bá yí ní ìgbà 41, reṣíò yín ni 4.10, bí ó bá lé díẹ̀ ní 37, 3.73 ni. Ìdí tí a fi ń fi 10 pín in dípò 20 ni pé nígbà tí táyà kan dúró tí èkejì ń yí, ìdajì ìyípo rẹ̀ ló ń dé ara jíà ńlá.

Àwọn ọkọ̀ kan wà tí jíà ẹ̀yìn wọn máa ń fa táyà méjèèjì pọ̀. Bí táyà tí ẹ gbé sókè bá kọ̀ láti yí, ó ṣeé ṣe kí tiyín jẹ́ irú rẹ̀. Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì sórí irin ìdúró, kí ẹ yí wọn pọ̀ ní ìgbà 10, kí ẹ sì fi 10 pín iye ìyípo pùròpélà.

Nínú ọjà

Orí jíà Hilux máa ń jáde lódindi láti iwájú ilé rẹ̀, nítorí náà jíà ńlá máa ń hàn síta ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sàmì sára rẹ̀ àti sára ojú irin tí wọ́n ń de pùròpélà mọ́. Ẹ yí ojú irin náà títí tí jíà ńlá yóò fi yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa ka iye ìgbà tó yí. Bí iye náà kò bá bá ti ọkọ̀ yín mu, ẹ má ṣe sanwó, bó ti wù kí ó mọ́ tó. Bí ó bá bá a mu, ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà kọ ọ́ sínú rìsíìtì, kí ẹ sì fi ọ̀dà kọ ọ́ sára jíà náà, kí mẹ́káníìkì tí yóò tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa méfò.