Iṣẹ́ Àna Ló Ṣáájú Owó Orí

Ẹni tó bá rí ẹrù ìdána ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà Àkókó lónìí, iṣu, obì, orógbó, atare, oyin, iyọ̀, àpótí aṣọ, Bíbélì tàbí Kùránì, àti àpò ìrẹsì lórí àpò ìrẹsì, lè rò pé báyìí gan-an ni àwọn baba wa ṣe ń fẹ́yàwó. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àti sùúrù ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fẹ́yàwó. Ẹrù kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 (1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́), to ìgbéyàwó ní ìpele ìpele: ìṣíhùn, ìdána, kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé. Ọdún lè gorí ọdún láàárín wọn, ọkọ á sì máa kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún baba ìyàwó: wọ́n á kọ ebè, wọ́n á sì bo òrùlé.

Òótọ́ ni pé Ọ̀yọ́ ni Johnson mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilẹ̀ Àkókó náà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orí òkè ni àwọn ará Ọ̀kà sá sí nítorí ẹlẹ́ṣin Tápà láti Bídà tó ń kó èèyàn lẹ́rú, bẹ́ẹ̀ oko wà nísàlẹ̀. Fún baba tó ní oko báyẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́wàá tó wá ṣe ọ̀wẹ̀ níye lórí ju owó ẹyọ lọ: wọ́n á ṣiṣẹ́, wọ́n á sì ṣọ́ oko. Nígbà tí iléeṣẹ́ òwò Òyìnbó, Royal Niger Company, ṣẹ́gun Bídà ní 1897, ewu yẹn dínkù, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Owó òde ìjọba dé, kòkó dé, àwọn ọ̀dọ́ Àkókó sì ń lọ ṣe lébìrà lóko kòkó ní Oǹdó àti Ifẹ̀. Ẹni tó wà ní Oǹdó kò lè kọ ebè fún àna ní Ìkàrẹ́. Owó ló fi ránṣẹ́ dípò iṣẹ́, ọdún púpọ̀ sì di ọjọ́ kan.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ tàbí owó, rírà ló jẹ́, torí bí obìnrin bá kọ ọkọ, wọ́n ń dá owó orí padà. Àtakò tó lágbára nìyẹn. Àmọ́ kóòtù ìbílẹ̀ ayé Òyìnbó ló mú ìdápadà yìí gbilẹ̀, nítorí adájọ́ ń wá iye tó lè kọ sílẹ̀. Ta ló lè ṣírò ebè ọdún mẹ́fà? Ohun tí a rà, sísan owó rẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀. Ti àna kò parí bẹ́ẹ̀. Títí di òní, bí baba ìyàwó bá kú, ọkọ ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé síbi ìsìnkú pẹ̀lú ẹran, onílù àti àwọn ẹbí rẹ̀, kódà bó ti san gbogbo owó orí ní ogún ọdún sẹ́yìn.