Èèpo Kì Í Ṣe Aṣọ Lásán

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé aṣọ ni èèpo jẹ́ fún igi: bí a bá bọ́ ọ, igi wà síbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan tó ń wá egbòogi fi ń bó èèpo ọ̀gánwó yí ká láti ìdí títí dé ibi tí ọwọ́ wọn tó. Bí oṣù mélòó kan bá kọjá, wọ́n á ní ẹ wo ewé, ó ṣì tutù. Ewé tutù yẹn gan-an ló ń tàn wọ́n.

Inú igi ni omi ń gbà gòkè láti gbòǹgbò, nítorí náà ewé kì í tètè rọ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ewé fi oòrùn sè, èèpo abẹ́nú ló ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá gé ọ̀nà yìí yí po, gbòǹgbò á jẹ èyí tó ti fi pamọ́ tán, ebi á pa á kú, omi á dá, ìgbà náà ni ewé yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ. Ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Marcello Malpighi, oníṣègùn ará Ítálì, ti dán an wò láàárín ọdún 1670 sí 1680: ó bó èèpo yí igi ká, òkè ojú ọgbẹ́ sì wú. Ẹ wo igi tí wáyà ìsáṣọ ti fún lọ́rùn fún ọdún púpọ̀, ẹ ó rí irú wíwú bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni pé èyí tó wà lóde pátápátá, tó gbẹ tó ń ha, ti kú. Abẹ́ rẹ̀ ló wà láàyè. Àwọn tó ń gba oje rọ́bà mọ èyí dáadáa: inú èèpo ni oje náà wà, wọ́n á sì fi ọ̀bẹ là á ní dídagun, ààbọ̀ ìdí igi péré, láìjẹ́ kí ọ̀bẹ kan ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń hu èèpo tuntun. Bí ẹni tó ń wá egbòogi náà bá ti gé tirẹ̀ lóòró, lápá kan, igi á yè.

Àṣìṣe yìí kan ẹran náà, torí àwọn ẹ̀yà inú kan ní apá tí à ń pè ní èèpo. Ẹni tó bá bó awọ fẹ́lẹ́ ara kíndìnrín ewúrẹ́ lè rò pé òun ti bó èèpo rẹ̀. Rárá o. Ìbora nìyẹn. Èèpo gan-an ni apá ẹran tó pọ́n, tó yí àárín ká, ibẹ̀ sì ni gbogbo asẹ́ ẹ̀jẹ̀ wà, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan nínú ẹyọ kíndìnrín ènìyàn.

Kókó kékeré kan tún wà lórí kíndìnrín. Adrenaline tí gbogbo ayé ń sọ, àárín kókó yìí ló ti ń wá, ènìyàn sì lè wà láàyè bí àárín yẹn kò bá ṣiṣẹ́ mọ́. Èèpo rẹ̀ ló ń ṣe cortisol àti aldosterone, tó ń ṣọ́ iyọ̀ àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Thomas Addison ló ṣàpèjúwe àìsàn tó ń bá èèpo yìí jà, ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1855. Ẹni tó bá ṣe, tí kò rí oògùn, yóò kú.