Ṣéènì kẹ̀kẹ́ àti ìtọ́jú rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò

Ṣéènì ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ láti ibi pẹ́dà lọ sí táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere. Hans Renold, ọmọ Switzerland tó fi Manchester ṣe ilé, ló gbé irú tí à ń lò lónìí jáde ní 1880. Láti pín-ìnnì kan (irin tó so oríkèé ṣéènì pọ̀) sí èkejì jẹ́ ààbọ̀ ínǹṣì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, àfi pé tiwọn nípọn jù.

Ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò, yanrìn ni ọ̀tá ṣéènì. Ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀sà ni, ọ̀pọ̀ òpópónà inú ò ní ọ̀dà, ọdún gbọọrọ sì ni iṣẹ́ fífẹ̀ títì Èkó sí Àgbádárìgì fi bu eruku sí gbogbo ohun tó ń kọjá. Bí òjò bá dé, ẹrẹ̀ á gba ipò eruku.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí èèyàn máa da ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú nínú ẹ́ńjìnnì sórí ṣéènì. Ariwo á dákẹ́ fọ́jọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n yanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn méjèèjì á sì máa lọ irin bí ọlọ ṣe ń lọ ata. Inú, níbi tí pín-ìnnì ti ń yí, ni ọ́ìlì ti wúlò. Èyí tó bá kù sí ìta, oúnjẹ yanrìn ni.

Ẹni tó fẹ́ fọ̀ ọ́ á dorí kẹ̀kẹ́ kodò. Kẹrosíìnì díẹ̀ nínú agolo mílíìkì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ti tó (pẹtiróòlù ò dára, iná rẹ̀ yá jù). Á máa yí pẹ́dà sẹ́yìn bó ṣe ń fọ̀ ọ́, títí ohun tó ń kán sílẹ̀ ò fi ní í dúdú mọ́. Bó bá gbẹ, á kán ọ́ìlì tuntun sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán kan péré, á tún yí pẹ́dà, á wá fi àkísà nu ìta rẹ̀ dáadáa. Nínù yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ń fò.

Ṣéènì tó gbó máa ń gùn sí i. Irin ò fà o. Ihò àti pín-ìnnì ló jẹra wọn. Rúlà ọmọ iléèwé tó láti fi wọ̀n ọ́n: oríkèé 24 gbọ́dọ̀ jẹ́ ínǹṣì 12 géérégé. Bó bá fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì lé, ó ti pẹ́ tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó ti jẹ eyín irin tí ṣéènì ń yí lé lára táyà ẹ̀yìn débi pé ṣéènì tuntun á máa fò lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ń so tuntun tó ní kílíìpù, ẹnu kílíìpù náà gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ṣéènì ń lọ. Bó bá kọjú síwájú, ohunkóhun tó bá gbá a lè ṣí i, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá kílíìpù nínú yanrìn.