Òfin Ilé Kíkọ́ ní Nàìjíríà: Ikú Ló Bí I

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ka òfin ilé kíkọ́ sí ọgbọ́n tí ìjọba ń dá láti gbowó lọ́wọ́ aráàlú. Ìtàn kò jẹ́rìí sí èyí. Ikú ló bí òfin náà.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ojú hàn sí bí àwọn ilé ṣe fún mọ́ra tó. Láti inú ìbẹ̀rù náà ni àwọn amúnisìn fi dá àjọ Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, láti tún ìlú tò. Ṣùgbọ́n láti 1955 ni àjọ yìí ti ń wó ilé àwọn ènìyàn láàárín gbùngbùn Èkó, tí ó sì ń kó ọ̀pọ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Kò yani lẹ́nu pé katakata ni ọ̀pọ̀ ń rí lójú tí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ òfin ilé.

Ní 2006 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí Ìlànà Ilé Kíkọ́ ti Orílẹ̀-èdè. Ó la ọ̀nà sílẹ̀ láti ìgbà tí a kò tíì yàwòrán ilé títí dé ìtọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti kó wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dájọ́ ní 2003 pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà. Nítorí náà, bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kò bá sọ ìlànà yìí di òfin, ìwé lásán ni.

Ẹ wo ohun tí ìjáfara yìí ń ná wa. Ní 12 Oṣù Kẹsàn-án 2014, ilé àlejò kan wó ní Ìkọ̀tún, ènìyàn 116 sì kú. Ní 13 Oṣù Kẹta 2019, ilé kan tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta-Fájì, ó sì pa àwọn ọmọdé. Ní 12 Oṣù Keje 2024, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn wó ní Jos nígbà tí àwọn ọmọ wà nínú kíláàsì. Àwọn tó kú lé ní 20. Kò sí èyí tí ogun tàbí ìmìtìtì ilẹ̀ fà nínú wọn.

Ayálégbé tí ó béèrè ìwé àṣẹ ilé, òbí tí ó béèrè ẹni tó yẹ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ wò, kì í ṣe ọ̀tá onílé. Ẹ bi aṣòfin yín bí ìlànà 2006 ti di òfin ní ìpínlẹ̀ yín. Òfin tí a kò lò kò lè gbé òrùlé dúró.