Góòlù Àwọn Ìyá Wa àti Òkúta Tí Òṣùwọ̀n Kò Mọ̀

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ohun kan náà ló mú kí àwọn ìyá wa nílẹ̀ Ìjẹ̀bú máa ra ohun ọ̀ṣọ́ pamọ́. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé fáàrí lásán ni wọ́n ń fi ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Mo fẹ́ sọ ìtàn òrùka kan tí èmi fúnra mi bá wọn tà, láti ọwọ́ sí ọwọ́, láàárín Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè. Ṣùgbọ́n òrùka náà kò ní yé yín bí n kò bá kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ni ín. Màmá Gánà ni gbogbo àdúgbò wa ní Òkè-Sopẹ́n ń pè é. Ọmọ Mákùn-Omi ni, létí ọ̀sà, ní agbègbè tí ó ti di ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn Wọ́tásáìdì báyìí, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Àbígí. Lọ́dún tó kọjá, Màmá ṣubú ní balùwẹ̀, egungun itan rẹ̀ sì dá. Dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ. Owó tí wọ́n dá lé wa, a dá a títí, kò pé. Ni Màmá bá pè mí wọ yàrá, ó tú etí ìborùn kan, ó yọ òrùka náà. Ó ní, "Ìwọ ni kí o bá mi tà á. Ṣebí ìwọ lo jẹ mí ní gbèsè."

Òótọ́ ló sọ. Ẹ ó gbọ́ nípa gbèsè náà.

Kí góòlù tó gbilẹ̀ láàárín wa, ìlẹ̀kẹ̀ àti idẹ ni ọrọ̀. Láàárín ọdún 1505 sí 1508, ará Potogí kan, Duarte Pacheco Pereira, kọ ìwé kan nípa etíkun Áfíríkà. Ó dárúkọ Ìjẹ̀bú níbẹ̀. Ó ní ìlú ńlá ni, yàrà ńlá ló yí i ká, àti pé ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ ni wọ́n ń gbà tí wọ́n bá ta ẹrú àti eyín erin. Ẹ wò ó dáadáa: ohun tí a ń kó sọ́wọ́ ṣe ọ̀ṣọ́ náà ni owó. Bẹ́ẹ̀ náà ni iyùn tí ọkọ̀ àwọn òyìnbó ń kó wá láti òkun tó wà láàárín Yúróòpù àti Áfíríkà. Ó gun ọrùn àwọn ọba, ó gun ọrùn ìyàwó tuntun, ó sì wọ inú àpótí àwọn obìnrin tó mọ òwò ṣe.

Màmá Gánà sọ fún mi pé ẹja àti ẹní ni ìyá òun ń kó sínú ọkọ̀ ojú omi lọ tà ní Ẹ̀pẹ́. Lọ́jọ́ kan ìjì dojú ọkọ̀ dé, ọjà sì lọ sísàlẹ̀ ọ̀sà. Ìyá náà kò sunkún fún ẹnikẹ́ni. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó mú okùn iyùn kan lọ sílé oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sọ̀rọ̀, ó sì gba owó ọjà mìíràn bọ̀. Kò gbé e lọ sọ́jà rárá. Kí ló dé? Ẹni tó bá gbé iyùn ọrùn rẹ̀ sórí àtẹ ti polongo fún gbogbo ayé pé owó ti tán lọ́wọ́ òun. Ta ni yóò tún ta ọjà àwìn fún un? Ẹ̀yin ará, títa ohun ọ̀ṣọ́ ní ìkọ̀kọ̀ kì í ṣe àṣà tuntun láàárín wa.

Ẹ tún rántí ohun tí ẹni tí kò ní iyùn ń ṣe láyé ìgbà náà. Ó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, kí ọmọ náà máa sin olówó títí owó yóò fi pé. Nígbà tí òfin ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé ìwọ̀fà kúrò nílẹ̀, àwọn sógundógójì kò tẹ̀ lé e lọ. Èlé wọn a máa ju owó gan-an lọ. Iyùn àti góòlù kò ní èlé. Èyí tó tún dára jù ni pé ti obìnrin fúnra rẹ̀ ni. Nílẹ̀ Yorùbá, ohun ìní ọkọ lọ́tọ̀, ti aya lọ́tọ̀. Ọkọ kò lè gbé góòlù ìyàwó rẹ̀ san gbèsè àfi tí ìyẹn bá yọ̀ǹda, bí obìnrin náà bá sì kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń jogún rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń pe àpótí ohun ọ̀ṣọ́ ní báǹkì àwọn ìyá wa.

Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n ti ọdún 1892, tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ọ̀nà ṣí, owó ṣílè wọlé, kòkó àti obì sì mówó wá sí oko Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn alágbẹ̀dẹ a máa yọ́ owó fàdákà, wọ́n a fi rọ yẹtí àti ẹ̀gbà. Nígbà tó yá, góòlù gba iwájú. Owó Údọ́jì ti ọdún 1975 dé, owó epo sì pọ̀ nílùú. Àwọn tó lọ sí Mẹ́kà ń ra góòlù Sáúdì bọ̀, àwọn mìíràn ń ra ti Ítálì. Kì í ṣe ọ̀kan náà o. Góòlù pọ́ńbélé ni kárátì 24. Ti kárátì 21, tí wọ́n ń kọ 875 sí lára, góòlù inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ti kárátì 18, tí wọ́n ń kọ 750 sí, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni. Ti kárátì 9, tí wọ́n ń kọ 375 sí, kò tó ìdajì. Ìyá tó bá mọ èyí kò ní jẹ́ kí oníṣòwò fi ẹ̀rín gba góòlù lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó náírà ńkọ́? Ní ọdún 1980, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, tí ìjọba Babangida ṣí ọjà tuntun fún owó ilẹ̀ òkèèrè, dọ́là kan di ohun tí à ń fi náírà mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ rà. Ní ọdún 1994, ìjọba Abacha ní náírà 22 ni dọ́là kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá a lọ sí ọjà ìta mọ̀ pé ẹnu lásán nìyẹn. Ẹni tó fi owó bébà pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní 1980, omi ti wọ ọ́. Àmọ́ góòlù, dọ́là ni wọ́n fi ń díyelé e ní gbogbo ayé. Bí náírà ṣe ń lọlẹ̀ ni iye góòlù ń gòkè ní náírà.

Ọdún 1994 yẹn gan-an ni gbèsè mi bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ti kú, owó ìdánwò WAEC mi kò sí, owó ilé-ìwé ọdún kan gbáko sì wà nílẹ̀. Màmá Gánà, tí kì í ṣe ìyá tó bí mi, kó ṣéènì kan àti òrùka yìí lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Èmi ni mo tẹ̀ lé e. Alágbẹ̀dẹ náà fi ṣéènì ha orí òkúta dúdú, ó kán ásíìdì sí i, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó dárúkọ owó. Kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Nígbà tó kan òrùka, ó gbé e yẹ̀ wò, ó ní, "Màmá, góòlù rẹ̀ ni mo lè wọ̀n. Dáyámọ́ǹdì yìí, n ó yọ ọ́ fún yín, kí ẹ máa mú un lọ." Màmá gba òrùka rẹ̀, ó ta ṣéènì. Ṣéènì yẹn ni mo fi jókòó ṣe ìdánwò. Ìwé mi kò kọjá ibẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni mo fi wọ iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo fi ń jẹun títí dòní.

Ó ti ń yà mí lẹ́nu láti ọjọ́ náà. Òkúta tí gbogbo ayé ń pè ní olówó iyebíye, báwo ni òṣùwọ̀n ṣe ní òun kò mọ̀ ọ́n?

Bàbá Gánà, ọkọ Màmá, ṣiṣẹ́ ní Akwatia, ní àfonífojì odò Birim, ní Gánà. Ní ọdún 1919 ni wọ́n rí dáyámọ́ǹdì ní agbègbè odò náà, iléeṣẹ́ òyìnbó kan sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá níbẹ̀ láti ọdún 1924. Wíwà ni Bàbá ń wà á, ṣùgbọ́n òkúta tó bá wà jáde, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Nítorí náà ni òkúta ṣe ń lọ sí òkè òkun, tí wọ́n ń gé e, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tó tún ń pa dà wá sínú ṣọ́ọ̀bù ní Accra. Ibẹ̀ ni Bàbá ti fi owó iṣẹ́ rẹ̀ ra òrùka náà fún ìyàwó rẹ̀ ní ọdún 1967. Rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ Màmá.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ló wà níbẹ̀, àwọn mìíràn ti lo ogójì ọdún. Ilé, ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìránṣọ, ọ̀pọ̀ ni wọ́n tà wọ́n. Màmá ní òun ta aṣọ òun ní owó tí kò tó ra ìrẹsì. Òrùka nìkan ni kò tà. Inú irun dídì ló fi gbé e wá sílé.

Ẹ jẹ́ ká wá dá ìbéèrè wa lóhùn. Góòlù rí bíi gàrí. Bí a bá yọ́ ṣéènì mẹ́wàá pọ̀, ọ̀kan náà ni, gíráàmù ni a ó kà. Dáyámọ́ǹdì kò rí bẹ́ẹ̀. Méjì kì í dọ́gba: ìwọ̀n wà, àwọ̀ wà, gígé wà, àbàwọ́n inú wà, ẹni tí yóò sì wo gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èrò inú wa. Iléeṣẹ́ De Beers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní 1888, di ọ̀pọ̀ jù lọ nínú dáyámọ́ǹdì ayé mú fún ìgbà pípẹ́. Láti ìparí àwọn ọdún 1940 ni wọ́n ti ń polówó pé dáyámọ́ǹdì wà títí láé. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ọjà sì ni pé kí ẹni tó bá rà á má tún tà á mọ́. Ní ọdún 1982, akọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Edward Jay Epstein, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn The Atlantic pé ẹni tó bá gbé dáyámọ́ǹdì àlòkù lọ sí ṣọ́ọ̀bù yóò rí ohun tójú ń rí. Èrè onísọ́ọ̀bù wà lórí iye tí a fi rà á, kò sì wù ú kó san owó lójú ẹsẹ̀ nígbà tí àwọn alágbàtà lè gbé tuntun fún un ní àwìn. Ẹ ò rí i? Ohun tí alágbẹ̀dẹ Ìjẹ̀bú-Òde sọ fún Màmá, òun náà ni wọ́n ń sọ fún obìnrin New York.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún èmi náà. Mo gbé òrùka náà kiri oní-góòlù mẹ́ta ní Èkó. Ẹnì kan fi ẹ̀rọ kékeré kan àn án, ó dún. Ó ní dáyámọ́ǹdì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ òun kò lè sọ bóyá ilẹ̀ ni wọ́n ti wà á tàbí ẹ̀rọ ló ṣe é. Dáyámọ́ǹdì ẹ̀rọ ti pọ̀ nígboro báyìí, ó sì ti já iye wálẹ̀. Owó góòlù nìkan ni gbogbo wọn fẹ́ san.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ìyá Mákùn-Omi àti ilẹ̀kùn títì. Ọ̀rẹ́ kan mú mi mọ ìdílé kan ní Àgọ́-Ìwòyè tí ọmọkùnrin wọn fẹ́ gbéyàwó. Èmi, ọmọ Màmá tó dàgbà jù, ìyá ọkọ ìyàwó àti alágbẹ̀dẹ tí àwọn fúnra wọn mú wá, a jọ jókòó. Mo gbé rìsíìtì 1967 kalẹ̀ àti fọ́tò Màmá tó wọ òrùka náà. Ní 1967, dáyámọ́ǹdì ẹ̀rọ tí a lè fi ṣe òrùka kò tí ì sí lọ́jà, ayédèrú tí wọ́n ń pè ní zirconia náà kò sì tí ì dé ọjà. Bébà yẹn sọ ohun tí ẹ̀rọ Èkó kò lè sọ. Mo sì sọ òótọ́ iye tí àwọn oní-góòlù fẹ́ san fún mi.

Ìyá náà wò mí. Ó ní, "Bùrọ̀dá, kí ló dé tí ẹ fi sọ ìyẹn fún mi?"

Mo ní, "Kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn lọ́la, ma."

Ó rẹ́rìn-ín. Owó tó san tó ìlọ́po mẹ́ta ti Èkó, kò sì tó ìdajì ohun tí irú rẹ̀ tuntun ń lọ ní ṣọ́ọ̀bù. Àwa jèrè, àwọn náà jèrè. A kọ ìwé, ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, owó wọ báǹkì kí òrùka tó kúrò lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ nílé, ẹ pa rìsíìtì mọ́ bí ẹ ṣe ń pa òkúta mọ́. Kí gbogbo ọmọ gbọ́ sí i kí ẹ tó tà á, kí ẹ̀yin náà má sì ra ohun tí ẹ kò mọ orírun rẹ̀, nítorí ẹni tó ra ẹrù olè, òun àti olè ni ọlọ́pàá ń mú. Bí ọjọ́ ìṣòro ni ẹ sì ń rò, góòlù ni kí ẹ rà.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Màmá ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ tí mo kó ìwé owó lọ fún un, kò wò ó. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé ó bá ìka ọmọ náà mu?"

Mo ní ó bá a mu.

Ó ní, "Ó dáa. Gbèsè tán."