Iyè Kọ̀ńdọ́ ní Gáréèjì Ìkòròdú

Inú danfo ni mo ti ń kọ́ra mi ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní cognitive science, ẹ̀kọ́ nípa bí ènìyàn ṣe ń ronú, bó ṣe ń rántí, bó ṣe ń mọ nǹkan. N kò ní olùkọ́. Ìwé àjákọ kan ni mo ní, àti òfin kan: bí n kò bá lè fi Yorùbá sọ ohun tí mo kà fún ẹni tó jókòó tì mí láti Gáréèjì Ìkòròdú títí dé Kétu, ohun náà kò tíì yé mi.

Ọ̀rọ̀ mind ló kọ́kọ́ dè mí lọ́nà. Ọpọlọ ńkọ́? Ẹran ara ni. Alápatà ń tà á. Ọkàn? Òun náà ló ń lù kì-kì láyà wa. Orí sì ti bá àyànmọ́ lọ. Iyè ló kù. Kì í ṣe ìyè tí a fi wà láàyè, kì í sì í ṣe iye owó ọkọ̀. Bí mo ṣe di iyè yìí mú ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń yọjú: a ń fiyè sí nǹkan, ìyẹn ni àkíyèsí, ẹni tí ọ̀rọ̀ kò dá lójú ń ṣiyèméjì, òbí tí kò fẹ́ kí ọmọ gbàgbé ẹ̀kọ́ ń wá ìsọyè. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó he owó. Àwọn baba wa ti pààlà oko yìí kí n tó dé ibẹ̀.

Belief le jù. Nínú ìwé, ohunkóhun tí ènìyàn bá ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí ni. Bí mo bá kọ ìgbàgbọ́, ṣọ́ọ̀ṣì lòǹkàwé máa kọ́kọ́ rántí. Ìdí mìíràn tún wà. Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, olùkọ́ ní Ifẹ̀, bá àwọn oníṣègùn wa jókòó, wọ́n sì tẹ ìwé jáde ní 1986: ohun tí Yorùbá bá ní òun mọ̀, ojú ló rí i, èyí tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó gbà á gbọ́ ni. Mo mọ̀ pé èrò kún gáréèjì, mo dúró níbẹ̀. Pé ọ̀nà ti dí ní Májídùn, mo gbà á gbọ́ lẹ́nu dẹ́rẹ́bà. "Ohun tí a gbà" ni mo kọ sínú ìwé mi, mo sì fi gbọ́ sílẹ̀.

Ní 1974, Alan Baddeley àti Graham Hitch ṣàlàyé working memory, ibi tí a ń gbé ọ̀rọ̀ sí nígbà tí a ṣì ń fi ṣiṣẹ́. "Ìrántí onígbà díẹ̀" ni mo kọ́kọ́ kọ, kò sì wù mí, torí iṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Kọ̀ńdọ́ ló là mí lójú. Ó fi ẹsẹ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká náírà há àárín ìka, ó sì mọ ẹni tó ti sanwó, ẹni tí ṣéńjì rẹ̀ ṣì kù, ẹni tó máa bọ́ọ́lẹ̀ ní Owódé. Mo pa tèkọ́kọ́ rẹ́, mo kọ ìrántí àmúdání.

George Miller kọ ọ́ ní 1956 pé nǹkan bíi méje ni a lè mú dání lẹ́ẹ̀kan, àfi bí a bá so wọ́n pọ̀. Kọ̀ńdọ́ náà na ẹgbẹ̀rún náírà kan sí mi. "Bọ̀dá, ẹ̀yin àti màmá yìí, mo ti so yín pọ̀ o." Gbèsè méjì di ẹyọ kan, ó sì kúrò lọ́rùn rẹ̀ pátápátá, àwa la wá ń rántí rẹ̀ fún un. Ohun tí Edwin Hutchins rí nínú ọkọ̀ ojú omi ológun nìyẹn, tó fi kọ̀wé ní 1995: kò sí atukọ̀ kan tó dá ibi tí ọkọ̀ wà mú sórí, òun, ẹgbẹ́ rẹ̀, àwòrán ojú omi àti irinṣẹ́ ni wọ́n jọ mú un.

Ní Kétu, màmá náà ní kí oníbisikíìtì kan bá wa ṣẹ́ owó náà. Mo dúró, mo ń kọ "iyè àjùmọ̀lò".

"Ọmọ mi, gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta rẹ. Kí lò ń kọ?"

Mo kà á fún un.

Ó ronú díẹ̀. "Bí a ṣe jọ mú owó yìí dání bọ̀ yẹn ni, àbí?"