Iṣẹ́ Awọ Láti Ọ̀yọ́-Ilé Dé Agége

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ka àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn Yorùbá fi ń jẹun láti ìgbà ìwáṣẹ̀, yóò dárúkọ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, ọ̀nà gbígbẹ́, aṣọ híhun, aró dídá àti ìkòkò mímọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó rántí iṣẹ́ awọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọba tí ó gun ẹṣin, kò sí jagunjagun tí ó fi idà kọ́ èjìká, kò sí adósù Ṣàngó tí ó gbé àpò rẹ̀ jáde lọ́jọ́ ọdún, tí oníṣẹ́ awọ kò ní ọwọ́ nínú iyì rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ tọ ipasẹ̀ iṣẹ́ yìí láti Ọ̀yọ́-Ilé títí dé agbègbè Agége àti Ìkẹjà, níbi tí iṣẹ́ náà ti ń wá ọ̀nà àtiyè lónìí.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìdí tí iṣẹ́ awọ fi gbilẹ̀ ní Ọ̀yọ́ kò fara sin. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́-Ilé wà, ní ìhà àríwá, kò jìnnà sí Odò Ọya àti ilẹ̀ Tápà. Ibẹ̀ ni ẹran ọ̀sìn pọ̀ sí, ibẹ̀ sì ni ẹṣin lè gbé láìjẹ́ pé eṣinṣin inú igbó ń pa á. Agbára àwọn ẹlẹ́ṣin wọ̀nyí ni Aláàfin fi na ọwọ́ ìjọba rẹ̀ dé Dàhómì. Ẹṣin kò sì lè jáde lọ sí ogun láìsí gàárì, ìjánu àti awọ tí a fi so àlùkẹ́ḿbù. Ẹni tí ó gùn ún kò lè jáde láìsí àkọ̀ idà àti apó ọfà. Nígbà tí Clapperton, ará Skọ́tíláǹdì, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, ìlú náà ti ń sún mọ́ òpin rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí ni ó tú, tí Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọ̀jà. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bá ìlú lọ. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń wá tìmùtìmù tí ó dára, abẹ̀bẹ̀ awọ tàbí àpò tí a fi awọ aláràbarà ṣe, Ọ̀yọ́ ni a ó ní kí ó lọ.

Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ka iṣẹ́ awọ mọ́ iṣẹ́ àwọn baba wa, ó sì fi hàn pé láyé àtijọ́ oníṣẹ́ awọ ni ó ń pèsè awọ tí yóò lò fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ. A ó rẹ awọ ewúrẹ́ tàbí ti àgùntàn sínú omi eérú títí irun rẹ̀ yóò fi tú. A ó fi ọ̀bẹ ha irun dànù ní ojú kan, a ó sì ha ẹran tí ó lẹ̀ mọ́ ọn dànù ní ojú kejì. Lẹ́yìn èyí ni a ó rẹ ẹ́ sínú omi èso bọ̀ọ̀ní tí a ti gún. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni bọ̀ọ̀ní, òun ni àwọn Hausa ń pè ní bagaruwa. Oje èso yìí ni ó ń wọ inú awọ lọ, tí kì í jẹ́ kí ó rà, tí kì í sì í jẹ́ kí ó le gbagidi bí ó bá gbẹ. A ó wá fi òróró pa á, a ó nà án, a ó sì máa fi ọwọ́ rin ín títí yóò fi rọ̀ bí aṣọ. Pòròpórò ọkà bàbà pupa ni ó ń fún un ní àwọ̀ pupa, ẹlú ni ó ń fún un ní àwọ̀ aró. Ẹni tí ó bá rò pé òyìnbó ni ó mú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wá, kí ó tún rò ó.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń fi awọ ṣe, làbà ni ó gbé ọgbọ́n oníṣẹ́ yọ jù. Làbà ni àpò tí àwọn oníṣàngó fi ń kó ẹdùn àrá. Awọ pupa ni ojú rẹ̀. A pín ojú náà sí mẹ́rin, a fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ rán àwòrán sí inú ìpín kọ̀ọ̀kan, wajawaja awọ sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Leo Frobenius, ará Jámánì tí ó wá sí ilẹ̀ wa ní 1910, rí irú àpò bẹ́ẹ̀ ní ojúbọ Ṣàngó ní Agbẹni, Ìbàdàn. Ní 1962, Joan Wescott àti Peter Morton-Williams kọ odindi àròkọ kan lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun òrìṣà nìkan ni oníṣẹ́ awọ ń ṣe. Òun kan náà ni ó ń bo òǹdè ọdẹ, òun ni ó sì ń rán awọ mọ́ tírà fún àwọn mùsùlùmí. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí a rán fún ẹni tí a mọ̀ ni púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí. Gàárì gbọ́dọ̀ bá ẹ̀yìn ẹṣin mu, àkọ̀ gbọ́dọ̀ gba idà, òǹdè sì gbọ́dọ̀ yí apá ẹni tí yóò dè é ká. Wíwọn ara ẹni kan ṣoṣo ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà.

Nítorí pé èdè ni ẹ̀kọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí orí ọ̀rọ̀ kan. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ Bata ni a ti rí ọ̀rọ̀ náà, bàtà. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìdílé ni Bata. Tomáš Baťa àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Zlín, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Czech lónìí, ní 1894; ó di ẹ̀yìn ọdún 1930 kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni a ti parí títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ní 1884, ọ̀rọ̀ náà sì wà níbẹ̀, níbi tí Ọlọ́run ti pàṣẹ fún Mósè lẹ́bàá ìgbẹ́ tí iná ń jó pé kí ó bọ́ ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kéré tán, ọdún mẹ́wàá ṣáájú kí ìdílé Bata tó ṣí ilé-iṣẹ́ ni a ti ń pe bàtà ní bàtà. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọmọ tí ó bá ti gbà pé òkèèrè ni a ti kọ́ wa ní bàtà, yóò ṣòro fún un láti gbà pé ará Agége lè rán èyí tí ó dára.

Òwò pẹ̀lú kó awọ wá sí ọ̀dọ̀ wa. Heinrich Barth, ará Jámánì mìíràn, dé Kano ní 1851, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé awọ àti bàtà awọ wà lára ohun tí ìlú náà ń tà fún àwọn ará òkèèrè. Awọ ewúrẹ́ pupa láti Kano àti Sókótó ń gba orí ràkúnmí ré aṣálẹ̀ kọjá. Àwọn òyìnbó tí wọ́n fi í ṣe ẹ̀yìn ìwé rò pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Mòrókò ni, wọ́n sì sọ ọ́ ní awọ Mòrókò. Báyìí ni ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ṣe wà ní Kano, tí ẹlòmíràn sì gba orúkọ.

Reluwé ni ó yí ọ̀nà òwò yìí padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó ní 1896. Ó gba Agége kọjá, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Kano ní 1911. Ní Agége, àwọn àgbẹ̀ bí Jacob Kẹ́hìndé Coker ti ń gbin kòkó àti obì, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907. Obì ni àwọn Hausa ń wá. Ọkọ̀ tí ó gbé obì lọ sí àríwá sì ń gbé màlúù àti awọ bọ̀ ní gúúsù. Láti ìgbà náà ni Yorùbá àti Hausa ti jọ ń ná ọjà ní Agége, tí àwọn alápatà sì fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Ní ìparí ọdún 1950 sí, nígbà tí Ìkẹjà, Agége àti Muṣin ṣì wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Ìkẹjà. Ilé-iṣẹ́ aṣọ, ti ọtí, ti oògùn àti ti rọ́bà kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Dunlop wà nínú wọn, taya ọkọ̀ ni ó ń ṣe. Àwọn tí ń rán bàtà tètè rí i pé taya tí ó ti gbó ṣe é gé fi ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ tí kì í tètè jẹ. Àwọn ará ìlú sì fi orúkọ Dunlop pe sálúbàtà rọ́bà. Ṣùgbọ́n ní 2008, Dunlop dáwọ́ ṣíṣe taya dúró ní Ìkẹjà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣọ ti kógbá wọlé ṣáájú rẹ̀, nítorí iná mànàmáná tí kò dúró sójú kan àti ọjà òkèèrè tí ó pọ̀ jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni bàtà àti báàgì wà lára ohun tí ìjọba ní a kò gbọdọ̀ kó wọlé, síbẹ̀ wọ́n kún ọjà.

Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń ti ilẹ̀kùn wọn, àwọn oníṣẹ́ kékeré ń ṣí tiwọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí wọn, kí ó lọ sí ọjà Ojúwoyè ní Muṣin, kí ó wo awọ lóríṣìíríṣìí, òwú, gọ́ọ̀mù, àtẹ́lẹsẹ̀ àti ìdè bẹ́líìtì tí wọ́n pàtẹ. Láti ibẹ̀ ni àwọn tí ń rán bàtà ní Agége, Ògbà àti Ìkẹjà ti ń ra ohun èlò. Ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ìwọ yóò gbé ẹsẹ̀ lé orí pépà, oníṣẹ́ yóò sì fi pẹ́ńsù yí i ká. Yóò wọn ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ, yóò sì bi ọ́ bí ọmọ ìka rẹ kan bá ń dùn ọ́. Yóò gé awọ, yóò nà án mọ́ ẹsẹ̀ onígi, yóò fi òòlu lu ihò sí i, yóò sì fi òwú tí a ti fi ìda pa rán an. Bí o bá fẹ́ kí a tẹ orúkọ rẹ sí i, yóò tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti ìgbéyàwó, wọn a pa awọ pọ̀ mọ́ aṣọ òkè tàbí àdìrẹ, kí bàtà àti pọ́ọ̀sì lè bá aṣọ ẹbí mu. Ohun tí oníṣẹ́ Ọ̀yọ́ ń ṣe fún ẹlẹ́ṣin náà ni èyí: ara ẹni kan ṣoṣo ni ó wọ̀n.

Níbo wá ni ìṣòro wà? Ó wà ní Oko-Ọba, ní Agége kan náà, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù lójoojúmọ́. Láàyè ni màlúù ń ti òkè Ọya wá. Bí wọ́n bá ti pa á, awọ rẹ̀ di pọ̀nmọ́, ó di inú ọbẹ̀. Awọ tí oníṣẹ́ yóò lò ní Muṣin, tí kò jìnnà síbẹ̀, Kano tàbí òkèèrè ni yóò ti wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ awọ tí ó wà ní Zaria, tí a dá sílẹ̀ ní 1964, sọ pé ó yẹ kí òfin dá pọ̀nmọ́ jíjẹ dúró, nítorí pé ó ń pa iṣẹ́ awọ, kò sì ṣe ara lóore. Ariwo ta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú, àwọn mìíràn sì fi í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ní tèmi, n kò rò pé òfin ni yóò yanjú ọ̀ràn yìí. Ìyá tí kò lè ra ẹran fún ọmọ mẹ́rin ń ra pọ̀nmọ́ kí ọbẹ̀ má bàa gbófo, obìnrin tí ń tà á sì ń fi owó rẹ̀ rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. A kò lè gba oúnjẹ lẹ́nu wọn kí a tó fi ohun kan dípò. Ohun tí ó yẹ kí a fi òfin dè ni fífi taya jó irun awọ, nítorí èéfín rẹ̀ àti ohun tí ó ń fi sílẹ̀ lára oúnjẹ léwu. Ní ti awọ fúnra rẹ̀, owó ni yóò sọ̀rọ̀. Bí ẹni tí ń ṣe awọ bá lè san ju ohun tí oníṣòwò pọ̀nmọ́ ń san lọ, alápatà fúnra rẹ̀ ni yóò mú ọ̀bẹ rẹ̀ jẹ́jẹ́ kí ó má bàa dá ihò sí i. Kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀, àwọn oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ pọ̀, kí àwọn oníbàárà náà sì pọ̀. Ní 2025, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ibùdó iṣẹ́ awọ kan ní Muṣin, wọ́n kó ẹ̀rọ sí i kí àwọn oníṣẹ́ kékeré lè máa lò ó. Ìgbésẹ̀ rere ni, bí a bá tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, iṣẹ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó jẹ́ tiwa. Bí oníṣẹ́ kan bá ti kú, àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ń bá a lọ. Mélòó nínú wa ni ó lè fi Yorùbá dárúkọ ẹ̀yà gàárì mẹ́ta? Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa yan àwọn kan tí yóò lọ sí Ọ̀yọ́ àti Muṣin ní àkókò ìsinmi, kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà oníṣẹ́, kí wọ́n sì kọ orúkọ irinṣẹ́, ti irú rírán àti ti irú awọ sílẹ̀ bí wọ́n ti gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Nígbà tí a bá sì fẹ́ ra bàtà tí a ó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbàoyè, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò wọn ẹsẹ̀ wa.